Fọ́tò Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò Mẹ́rin àti Ọ̀nà tí Ìgbà ń Gbà Kọjá Lójú Ènìyàn

Kò sí ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó bá ara rẹ̀ ní arúgbó. Díẹ̀díẹ̀ ni ewú ń wọ orí, díẹ̀díẹ̀ ni ara ń hunjọ, ẹni tí ó sì ń bá wa gbé kò rí i, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń rí wa. Àlejò tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi ni yóò dé, tí yóò wo ojú wa, tí yóò sì kígbe pé, "Háà, ìwọ náà mà ti dàgbà!" Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì pa á lówe pé ìgbà kì í tọ́ lọ bí òréré, ayé kì í sì í tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ìgbà ti yà gan-an, ojú wa kì í ká a mọ́ ibẹ̀.

Láti ọdún 1839, nígbà tí iṣẹ́ Daguerre ará Faransé di mímọ̀ fún gbogbo ayé, ni ènìyàn ti ń fi fọ́tò di ohun tí ń sá lọ mú. Òtítọ́ ni pé fọ́tò lè mú ojú ènìyàn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá mú un dúró tán, ìgbà ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a yà ní ọmọ ogún ọdún yóò jẹ́ ọmọ ogún ọdún lára ògiri títí, bí àwọn ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ti bí ọmọ. Nítorí náà ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé ọdọọdún wa ni èyí: ǹjẹ́ fọ́tò lè fi ìgbà hàn wá bí ó ti ń kọjá? Bí ó bá sì lè ṣe é, nígbà wo ni ó tọ́ kí ó ṣe é?

Iṣẹ́ tí a yàn láti fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Nicholas Nixon, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni tí a bí ní ìlú Detroit ní ọdún 1947. Bebe ìyàwó rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin, gbogbo wọn obìnrin, tí a bí sí ìdílé Brown. Ní ọdún 1974 Nixon ya àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì pa á mọ́. Ní ọdún 1975, ní ìlú New Canaan ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ó tún yà wọ́n. Ní ọdún yẹn Heather jẹ́ ẹni ọdún 23, Mimi 15, Bebe 25, Laurie sì jẹ́ 21. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí Laurie parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n tún kóra jọ, a sì tún yà wọ́n. Láti ìgbà náà lọ ni wọ́n ti fi ohùn ṣọ̀kan pé ọdọọdún ni àwọn yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò sì yẹ àdéhùn náà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2014, àwòrán náà ti pé 40, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tí à ń pè ní Museum of Modern Art ní New York sì pàtẹ gbogbo wọn fún àwọn ènìyàn láti wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin tí ó de iṣẹ́ náà, nítorí pé nínú òfin rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí Nixon lò jẹ́ èyí tí ó tóbi, tí ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ayàwòrán sì ń fi aṣọ dúdú bo orí kí ó tó lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 8, ó sì gùn ní íńṣì 10. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ń kánjú. Ẹni tí a ó yà ní láti dúró, kí ó sì mọ̀ pé a ń ya òun. Dúdú àti funfun ni àwòrán náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni a ń yàn fún ọdún kan. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ní láti wà níbẹ̀. Láti ọwọ́ òsì ẹni tí ń wò ó, bí wọ́n sì ti tò ni èyí: Heather, Mimi, Bebe, Laurie, ìtò yìí kò sì yí padà ní ọdún kankan. Kò sí ìtàn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí kò ṣe orúkọ ìlú tí a ti yà wọ́n àti ọdún tí a yà wọ́n.

Ẹni tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò wo ìtò yìí, yóò sì mi orí. Bebe tí ó jẹ́ àgbà ni ó wà ní ipò kẹta. Mimi tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn ni ó wà ní ipò kejì. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ wa ni, a ó gbé àga fún ẹ̀gbọ́n àgbà láàárín, àwọn àbúrò yóò sì dúró yí i ká, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò ní í béèrè kí ó tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí. Níhìn-ín kò sí àga, kò sì sí ipò ọlá. Ó dà bí ẹni pé ayàwòrán náà kò ka ọjọ́ orí sí.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi sùúrù wò ó, a ó rí i pé ohun tí a kọ́kọ́ pè ní àìbìkítà ni ó ṣe iṣẹ́ náà ní rere. Bí a bá to ènìyàn gẹ́gẹ́ bí a ti bí wọn, ìtò náà ni yóò máa sọ ọjọ́ orí fún wa, ojú wa yóò sì máa sùn. Níwọ̀n ìgbà tí ìtò kò ti sọ nǹkan kan, ojú wọn ni a ní láti wá ọjọ́ orí lọ. Àwọn àgbà sì ti wí tẹ́lẹ̀ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ti àwòrán ọdún 1975, ọmọ kékeré lè tọ́ka sí àbíkẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ìkẹyìn, kí ó bo ọdún rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì bi kíláàsì rẹ̀ pé, "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn wọ̀nyí?" Yóò rí i pé ìdáhùn náà kò rọrùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 1985 Mimi di ẹni ọdún 25, èyí ni iye ọdún tí Bebe jẹ́ nínú àwòrán ìkíní. Bí a bá gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àbúrò ti dé ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti rìn síwájú ní ọdún 10. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A ti ń pa òwe yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán méjì yìí jẹ́ kí a fi ojú rí i. Síwájú sí i, ní ọdún 2014 Mimi jẹ́ ẹni ọdún 54, Bebe sì jẹ́ ẹni ọdún 64. Ọdún 10 tí ó wà láàárín wọn kò fi ọjọ́ kan dín, kò sì fi ọjọ́ kan lé. Síbẹ̀, ní ọdún 1975 ọdún 10 yìí ni ó ya ọmọdébìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin tí ó ti ní ọkọ. Ní ọdún 2014 àgbà méjì ni wọ́n, ẹni tí kò bá sì mọ̀ wọ́n lè ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Ìgbà kò yí iye padà; ìtumọ̀ iye náà ni ó yí padà. Kò sí àwòrán kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ó dára tó, tí ó lè kọ́ wa ní èyí. Títò wọn lẹ́sẹẹsẹ ni ó kọ́ wa.

Ohun mìíràn tí a gbọ́dọ̀ yìn ni ìdákẹ́jẹ́ iṣẹ́ náà. Nínú 40 ọdún, ta ni ó lè wà láyé tí kò ní rí ayọ̀, tí kò sì ní rí ìbànújẹ́? Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò rojọ́ fún wa. A kò gbọ́ ẹni tí ó bímọ, a kò gbọ́ ẹni tí ó ṣòfò. Ojú wọn tààrà ni wọ́n fi ń wo ẹ̀rọ náà, ẹ̀rín kò sì pọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni a rí i pé wọ́n túbọ̀ ń fara mọ́ ara wọn: ọwọ́ lórí èjìká, orí tí ó fara ti orí. Ayàwòrán náà kò sọ fún wa pé ìfẹ́ ń pọ̀ sí i, tàbí pé ẹ̀rù ni ó ń kó wọn jọ. Ó fi í sílẹ̀ fún olúkúlùkù láti fi ohun tí ó mọ̀ nípa ilé bàbá tirẹ̀ dáhùn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ayẹ̀wòwò kì í ṣe ìyìn nìkan. Ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí iṣẹ́ yìí ń gbé dìde, a kò sì gbọdọ̀ fi í pa mọ́. Ẹni tí ó bá ti wo àwòrán 10, tí ó wo 20, tí ó wo 30, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà síwájú, láìmọ̀. Yóò máa bi ara rẹ̀ pé, "Ọdún wo ni wọn yóò di mẹ́ta?" Lẹ́sẹ̀ kan náà ni òǹwòran di ẹni tí ń ṣọ́ ikú ọmọ ọlọ́mọ. Ní ilẹ̀ wa a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn: ẹni tí ó bá ń kà yóò máa retí àléébù nínú iye. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan wà tí a kò kà rárá, èyí ni Nixon fúnra rẹ̀. Òun náà ń dàgbà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n a kò rí ewú rẹ̀. Nínú àwọn kan nínú àwòrán náà, òjìji rẹ̀ àti ti ẹ̀rọ rẹ̀ bọ́ sára àwọn obìnrin náà. Ìwọ̀nba ohun tí ó fi lélẹ̀ nínú ara tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ń fi ọjọ́ orí ẹlòmíràn hàn tí ó sì fi tirẹ̀ bo aṣọ dúdú, ó ti gba ohun tí kò san.

Ohun tí ó gba Nixon là nínú ẹjọ́ yìí ni ìfẹ́ inú àwọn tí ó yà. Aya rẹ̀ wà nínú wọn, àwọn ìyókù sì jẹ́ àna rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń padà wá ní ọdọọdún. Kí a lè mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1987 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn tí àrùn éèdì ń bá jà, ó ń padà sọ́dọ̀ ẹnì kan náà léraléra bí àrùn náà ti ń jẹ ẹ́ lára, títí tí ẹlòmíràn fi kú. Òun àti Bebe kọ ìwé lórí rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1991. Àwọn tí a yà gbà kí a ya àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pàtẹ díẹ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí ní Museum of Modern Art ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ ACT UP tí ń jà fún àwọn aláìsàn náà wá síbẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Ẹ̀sùn wọn ni pé gbígbẹ ara àti ikú nìkan ni àwòrán náà ń fi hàn, kò sì fi hàn pé àwọn aláìsàn náà ń bínú, ń fẹ́ràn, ń jà fún ẹ̀mí ara wọn.

Lójú tiwa, ẹ̀sùn náà wúwo. Ọ̀nà kan náà ni ayàwòrán náà gbà nínú iṣẹ́ méjèèjì: ojú kan náà, ọjọ́ púpọ̀, ìdákẹ́jẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, ìgbà ń mú nǹkan lọ, ó sì ń mú nǹkan wá. Nínú ti èkejì, mímú lọ nìkan ni ìgbà ń mú lọ. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le lè di ìkọ̀sílẹ̀ fún ẹni tí ayé ti dá lẹ́bi. A kò sọ pé Nixon kò ní àánú. Àwòrán náà kún fún sùúrù. Ohun tí a ń sọ ni pé sùúrù kò tó nígbà tí ẹni tí a ń yà nílò agbẹnusọ.

Níhìn-ín ni a fẹ́ pe ọkùnrin mìíràn wá sí ẹjọ́ náà, èyí ni Milton Rogovin. A bí i ní ọdún 1909, ó sì kú ní ọdún 2011, lẹ́yìn tí ó ti lé ní 100 ọdún láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni àyẹ̀wò ojú àti títa awò ojú ní ìlú Buffalo. Ní ọdún 1957 ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pè é, wọ́n ń wádìí bóyá ó jẹ́ kọ́múníìsì. Ìwé ìròyìn ìlú náà bà á lórúkọ jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì rẹ̀yìn. Fọ́tò ni ó wá fi di ohùn rẹ̀. Láti ọdún 1972 ni ó ti ń ya àwọn tálákà ní apá kan ìlú náà tí à ń pè ní Lower West Side, ní ojú ọ̀nà àti nínú yàrá wọn. Nígbà tí ó yá ó padà lọ wá àwọn ènìyàn kan náà ní àárín ọdún 1984 sí 1986, ó sì tún padà ní ọdún 1992. Àwòrán mẹ́ta mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó kó sínú ìwé kan ní ọdún 1994. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ó ti lé ní 90 ọdún, ó padà lọ ní ìgbà kẹrin.

Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín òun àti Nixon? Nixon kò jẹ́ kí alàfo ó wà. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀. Alàfo ni ti Rogovin fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ kékeré tí ó jókòó lórí itan nínú àwòrán kìíní lè di òbí nínú ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má sí níbẹ̀ mọ́, òǹwòran ni yóò sì máa ronú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ràn jù ni èyí: Rogovin a máa fún àwọn tí ó bá yà ní ẹ̀dà àwòrán wọn. Nígbà tí ó bá padà dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè bá èyí tí ó yà tẹ́lẹ̀ lára ògiri ilé wọn. Àwòrán náà ti di ti ẹni tí a yà kí ó tó di ti òǹwòran. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà ni à ń kà, onítọ̀hún ni ó kọ́kọ́ kà á fún ara rẹ̀.

Ní ti àwa fúnra wa, ọ̀nà tí a ti ń lo fọ́tò yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Fọ́tò àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá a máa jẹ́ ti ẹni tí ó jókòó tààrà, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, tí aṣọ ńlá bò ó, tí ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì fajú ro. Ọjọ́ tí ó pé jù nínú ayé rẹ̀ ni a fẹ́ kí àwòrán mú. Nígbà tí ó bá sì kú, kì í ṣe àwòrán ọdún àìsàn rẹ̀ ni a ó gbé jáde. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìwádìí nípa àwọn oní fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1978, ṣàlàyé àṣà kan tí ó jinlẹ̀ jù èyí lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, oní fọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Ẹni tí ó ti lọ ń dàgbà pẹ̀lú ẹni tí ó wà.

Àwọn kan lè sọ pé irọ́ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pé ti Nixon ni òtítọ́. A kò gbà. Àwòrán ìbejì kò sọ pé ikú kò sí. Ó ń sọ pé ikú kò fa okùn ìbí já. Àwòrán àwọn ọmọbìnrin Brown náà, bí a bá wò ó dáadáa, ohun kan náà ni ó ń sọ láti ọ̀nà mìíràn: ojú ń yí padà, ipò ọmọ ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìyá kò yẹ̀. Ìtò tí a kọ́kọ́ bínú sí ni ó ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí tiwọn lè fi kún tiwa. Àwa ń pa ọjọ́ ọlá kan mọ́, a sì ń jẹ́ kí ìyókù ó ṣòfò. Ẹni ọdún 37 tí kò sí ayẹyẹ kankan fún ní ọdún náà, òun náà ni ojú tí Ọlọ́run dá.

Nítorí náà èyí ni ìdájọ́ wa. Fọ́tò lè fi ìgbà hàn, bí ẹni tí ń yà á bá ní sùúrù tí ó sì pa òfin kan mọ́. Òṣùwọ̀n tí kò yí padà ni a fi ń mọ ohun tí ó ń yí padà. Ó tọ́ kí ó ṣe é nígbà tí ẹni tí a ń yà bá mọ̀, tí ó fẹ́, tí ó sì ní ìpín nínú ohun tí a kó jọ. Kò tọ́ nígbà tí a bá ń fi ojú ẹlòmíràn ka ìṣubú rẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí a sọ yìí kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń ya fọ́tò kíláàsì, ṣùgbọ́n mélòó ni ó lè kó ti ọdún 10 jọ? Ẹ yan ibì kan, bóyá abẹ́ igi tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, kí ẹ sì máa yà á níbẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ẹ kọ ọdún, ìtò àti orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ojú tí kò ní orúkọ kì í pẹ́ di àlejò. Ọmọ tí kò bá fẹ́, ẹ má fi ipá mú un. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀. Kí olùkọ́ náà má sì ṣe dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ. Kí ó bọ́ sínú ìtò, kí àwọn ọmọ lè rí ewú tirẹ̀ náà bí ó ti ń wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó di ọdún tí ń bọ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ogún ọdún, àwọn àgbà wí, ń bọ̀ wá ku ọ̀la.